Mitla Café: Ohun tí Ayé fi Mọ̀ Ọ́n àti Ohun tí Àdúgbò fi ń Rántí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Ẹ̀yin olùkà mi ọ̀wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú kan lè gba ilé ìkàwé lọ, kí ó tú àwọn ìwé ìjọba palẹ̀, kí ó sì rí orúkọ àti ọdún níbẹ̀ tó ìwọ̀n tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tètè dé inú ìwé ìjọba. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ń gbé, lẹ́nu àwọn tó ti ń jẹun pọ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìtàn ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan ni, ní ìlú San Bernardino, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Mitla Café ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1937 ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Lucia Rodriguez dá ilé oúnjẹ yìí sílẹ̀ ní òpópónà Mount Vernon, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Mitla jẹ́ orúkọ ìlú àtijọ́ kan ní Oaxaca, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbi tí àwọn Zapotec ti kọ́ àwọn ilé olókùúta tí òkìkí wọn kàn títí dòní. Apá ìwọ̀-oòrùn San Bernardino ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò tẹ̀dó sí láyé ọjọ́un. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Santa Fe, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọsàn àti ní ibi tí wọ́n ti ń di ọsàn sínú àpótí. Òpópónà Mount Vernon sì wà lára Route 66, ọ̀nà olókìkí tó so Chicago pọ̀ mọ́ etí òkun Kalifọ́níà. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ àdúgbò àti àrìnrìn-àjò jọ ń gbà wọ Mitla.

Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n

Bí a bá bi àlejò léèrè nípa Mitla lónìí, ìtàn Glen Bell ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Bell ní ìsọ̀ kan ní òdìkejì títì, níbi tí ó ti ń ta bọ́gà àti họ́tìdọ́ọ̀gì. Ìlú yìí kan náà ni àwọn arákùnrin McDonald ti ṣí ilé oúnjẹ tiwọn ní ọdún 1940, Bell sì ń fi wọ́n kọ́gbọ́n: kí oúnjẹ tètè jáde, kí owó rẹ̀ má pọ̀, kí oníbàárà má sì pẹ́ lórí ìlà. Àmọ́ ó rí i pé èrò ń tò ní iwájú Mitla pẹ̀lú, taco ni wọ́n sì ń tò fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe taco fún ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí. Wọ́n á po ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ ní róbótó, wọ́n á sì yan án. Èyí ni wọ́n ń pè ní tortilla. Irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Mitla, wọ́n á ká tortilla sí méjì, wọ́n á sì dín in nínú òróró títí yóò fi le bíi kókóró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ẹran màlúù lílọ̀, ewé lẹ́tùsì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tòmátì àti ṣíìsì sí i nínú.

Bell a máa ti ìsọ̀ tirẹ̀ tán, a sì sọdá títì lọ jẹ taco ní Mitla, lẹ́yìn náà a padà lọ gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀. Ìdílé tó ni Mitla sọ pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n gbà á láyè láti wọ ilé ìdáná, wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní sẹ́ǹtì 19 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó fi kún un ni ìyára: ó ní kí wọ́n fi wáyà ṣe agbọ̀n tí yóò lè dín ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí alásè máa dín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni ó ti ṣe Taco-Tia, tí òun àti àwọn mìíràn ṣe El Taco, nígbà tó sì di ọdún 1962, ó ṣí Taco Bell àkọ́kọ́ ní ìlú Downey. Ó tà á fún ilé iṣẹ́ PepsiCo ní ọdún 1978. Lónìí, ẹ̀ka Taco Bell lé ní 7,000.

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ èdè. Láyé ìgbà tí Taco Bell ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sára pátákó oúnjẹ wọn bí oníbàárà yóò ṣe pe taco àti burrito, nítorí pé ọ̀pọ̀ òyìnbó kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Adùn oúnjẹ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu kí orúkọ rẹ̀ tó mọ́ ọn.

Gustavo Arellano, akọ̀ròyìn ọmọ Kalifọ́níà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, ni ó tan ìtàn yìí káyé nínú ìwé rẹ̀ Taco USA, ní ọdún 2012. Bell ti kú ní ọdún 2010, ọdún méjì ṣáájú. Láti ìgbà náà wá ni àwọn oníròyìn ti ń tọ Mitla wá láti ibi gbogbo.

Olè ni, àbí ẹ̀kọ́?

Èrò àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí ohun tí Bell ṣe. Àwọn kan ní olè pọ́ńbélé ni: ó jẹun nílé ẹni ẹlẹ́ni, ó kó ìmọ̀ wọn sọdá títì, ó fi di olówó, Mitla sì wà níbi tó wà. Àwọn mìíràn ní kò sí olè níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹnì kan tó ni taco. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí náà. Ní ọdún 1950, Juvencio Maldonado, ọmọ Mẹ́síkò tó ní ilé oúnjẹ ní New York, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí irinṣẹ́ tí a fi ń dín tortilla kíká. Bell kọ́ ló dá taco líle sílẹ̀, Mitla pàápàá kò sì sọ pé òun ni òun dá a sílẹ̀. Nígbà tí Arellano sì bi Irene Montaño, ọ̀kan nínú ìdílé tó ni Mitla, léèrè nípa Bell, kò sọ ọ̀rọ̀ kíkorò kankan. Ó yìn ín pé aláápọn ni.

Èmi rò pé a lè fi ojú àṣà tiwa wo ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó sì là ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Àdúrà tí ọ̀gá rere ń gbà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kì í sé orúkọ ọ̀gá. Bí wọ́n bá bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà kí ó tó sọ ohun mìíràn. Bí gbèsè kan bá wà láàárín òpó méjèèjì títì Mount Vernon, gbèsè orúkọ ni. Ẹni tó ń ra taco ní ẹ̀ka ẹgbẹ̀rún méje kò gbọ́ orúkọ Mitla rí, títí akọ̀ròyìn kan fi lọ béèrè.

Ohun tí àdúgbò fi ń rántí rẹ̀

Síbẹ̀, bí a bá jókòó ti ọ̀rọ̀ Bell nìkan, a ti ṣi Mitla mọ̀. Ìtàn ohun tí ẹlòmíràn mú lọ nìyẹn. Ìtàn kejì wà, ti ohun tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ṣe nínú ilé oúnjẹ náà, èyí sì ti ṣẹlẹ̀ kí Bell tó gbọ́ òórùn taco.

Lásìkò ogun àgbáyé kejì, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Perris Hill ní San Bernardino. Ti ìjọba ìlú ni, owó gbogbo ará ìlú ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá àwọn ọmọ tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń bẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n ń jà fún òmìnira ní òkè òkun, àwọn àbúrò wọn kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ ní ìlú tiwọn.

Ní ọdún 1943, àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ láti gbógun ti ìwà yìí. Mitla ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ búkà dáadáa yóò mọ ìdí rẹ̀: níbi tí ọlọ́jà, òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti àlùfáà ti jọ ń jẹun, ọ̀rọ̀ ìlú kò lè ṣàì dé orí tábìlì. Ignacio López, olóòtú ìwé ìròyìn El Espectador, wà lára wọn. Fadá José Núñez ti ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀, Eugenio Nogueras náà kò sì gbẹ́yìn. Virginia Prado àti Rafael Muñoz ló pé wọn ní márùn-ún. Àwọn márààrún pe olórí ìlú, W. C. Seccombe, àti àwọn aláṣẹ yòókù lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Orúkọ ara wọn àti ti nǹkan bí 8,000 ènìyàn mìíràn ni wọ́n fi pe ẹjọ́ náà. David Marcus ni agbẹjọ́rò wọn.

Ní ọdún 1944, Adájọ́ Leon Yankwich dá wọn láre. Ó ní ohun tí ìlú náà ń ṣe tako òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì pàṣẹ kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Lopez v. Seccombe ni àwọn amòfin ń pe ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Agbẹjọ́rò Marcus yìí kan náà ni àwọn òbí ní agbègbè Orange tọ̀ lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ fòpin sí yíya àwọn ọmọ Mẹ́síkò sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n borí nínú ẹjọ́ Mendez v. Westminster ní ọdún 1946, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1947. Thurgood Marshall àti ẹgbẹ́ NAACP ti àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ láti ti àwọn òbí wọ̀nyí lẹ́yìn. Marshall yìí ló ṣáájú ẹjọ́ Brown v. Board of Education tó fòpin sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú jákèjádò Amẹ́ríkà nínú òfin, ní ọdún 1954.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtàn méjèèjì. Èyí tó kan owó ni oníròyìn ń sáré tọ̀ wá. Èyí tó kan ẹ̀tọ́ ni kì í jìnnà sí àdúgbò. Bí kò bá sí àwọn àgbà tó ń sọ fún ọmọ wọn pé níhìn-ín ni wọ́n ti gbèrò rẹ̀, inú ìwé àwọn amòfin nìkan ni ì bá wà.

Mitla lẹ́yìn ìgbà náà

Ìgbà kò rọgbọ fún òpópónà Mount Vernon lẹ́yìn náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n la òpópónà márosẹ̀ kọjá láàárín ìlú, ọkọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà Mitla mọ́. Títí dòní ni àwọn ará apá ìwọ̀-oòrùn ń ṣàròyé pé ọ̀nà náà ṣojúure sí àárín ìlú, ó sì kẹ̀yìn sí àdúgbò wọn. Ní ọdún 1985, ìjọba yọ Route 66 kúrò nínú ìwé àwọn òpópónà àpapọ̀. Ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Norton tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹun kógbá sílé ní ọdún 1994. Ní ọdún 2012, ìjọba ìlú San Bernardino fúnra rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Nínú gbogbo èyí, Mitla kò ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ìdílé kan náà ló ṣì wà.

Àríwísí kan wà tí àwọn kan máa ń ṣe: wọ́n ní taco tó ní ṣíìsì àti ẹran lílọ̀ kì í ṣe ojúlówó oúnjẹ Mẹ́síkò. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ṣí kúrò nílé a máa fi ohun tó bá rí se oúnjẹ ilé. Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò rí odó àti iṣu tó dára ń ro ìyẹ̀fun inú páálí, wọ́n sì ń fi í jẹ ẹ̀gúsí, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn pé wọn kì í ṣe Yorùbá. Taco Mitla ní ìlú tirẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn San Bernardino ni.

Ẹ̀yin olùkà mi, ohun tó jẹ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni pé ó kù díẹ̀ kí ó sọnù. Ìdílé kan tí kò kó kúrò àti àwọn àgbà tí kò dákẹ́ ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ìyá olóúnjẹ á kú, àwọn ọmọ á ta ilé, ẹni tó rà á á wó o, gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ á sì bá a lọ. Bí irú ibẹ̀ bá wà ní àdúgbò tiyín, ẹ lọ jẹun níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi àgbà tó bá jókòó tì yín léèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀ sí i.

Ó dìgbà kan ná.