Láolú Akins: Onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó di ọ̀gá nídìí àwo orin jùjú

Nígbà tí Shina Peters gbé àwo orin 'Ace' jáde ní ọdún 1989, ó ṣòro kí ènìyàn dé òde ìnáwó kan nílẹ̀ Yorùbá kó má bá orin náà níbẹ̀. Àwo yìí ló sọ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá tó jó sí i léèrè orúkọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀, àfàìmọ̀ ni ẹni mẹ́sàn-án kò fi ní mi orí. Láolú Akíntóbi, tí àwọn olórin mọ̀ sí Láolú Akins, ni. Ohun tí yóò tún ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kì í ṣe inú jùjú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ìlù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ló ti dìde.

Pùròdúsà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ orin ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń kọrin, kì í sì í ṣe òun ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo. Òun ló ń pinnu ìlù tó yẹ kó ṣíwájú, ibi tí gìtá yóò ti wọlé, ohùn tó yẹ kí wọ́n tún gbà, àti bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe wọnú ara wọn tí kò fi ní jẹ́ ariwo lásán. Bí ọbẹ̀ bá dùn, ẹni tó gbé e síwájú àlejò ni wọ́n sábà máa ń kí. Pùròdúsà ni ẹni tó wà nídìí ààrò.

Oṣù kìíní, ọdún 1970, ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ní àkókò náà, orin sóòlù àti rọ́ọ̀kì láti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọ àwọn ọ̀dọ́ Èkó lára. Ẹgbẹ́ Clusters ni Láolú wà, òun àti Berkely Jones tó ń ta gìtá. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì bọ́ sínú ẹgbẹ́ Afrocollection, níbi tí wọ́n ti bá àwọn ìbejì olórin nì, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ Cream, wá sí Nàìjíríà, tó sì kó àwọn ọmọ Èkó jọ sínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt. Láolú àti Berkely wà lára wọn. Ní ọdún 1972, Salt ṣeré ní ìlú Munich ní Jámánì, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí Salt tú ká, àwọn méjèèjì mú Odùmósù tó ń ta gìtá báàsì mọ́ra, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1972 kan náà. BLO ni wọ́n pè é: B dúró fún Berkely, L fún Láolú, O fún Odùmósù. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n, kò sì sí ibi tí onílù lè sá pamọ́ sí nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́, 'Chapter One', jáde. Ọdún yẹn náà ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwo rẹ̀ 'Band on the Run' sílẹ̀.

BLO kúrò ní EMI, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Decca, tó gbé 'Phase II' àti 'Step Three' jáde ní ọdún 1975, àti 'Phase IV' ní 1976. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé gìtá tó ń ké tantan ní ìbẹ̀rẹ̀ ń rọra fún ìlù fọ́ńkì láyè, títí tí orin fi di ti ijó dísíkò. Ní ọdún 1982, ẹgbẹ́ náà kógbá sílé.

Ẹ̀kọ́ tí Láolú kọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá yìí kò ṣòfò. Ilé-iṣẹ́ CBS Nàìjíríà ló ń tẹ àwo Shina Peters, ẹni tó ti ṣeré lábẹ́ Prince Adékúnlé, tó sì ti bá Ṣẹ́gun Adéwálé da ẹgbẹ́ pọ̀ rí. Láolú ni pùròdúsà 'Ace'. Jùjú ni lóòótọ́, àmọ́ orin náà yára ju èyí tí etí ti mọ̀ lọ, ìlù rẹ̀ wà níwájú, kò sì sí àyè fún ìsinmi láàárín orin kan sí èkejì. Afro-jùjú ni wọ́n pè é. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá lu ìlù fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó fọ́ńkì mọ ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè fi ọ̀rọ̀ yìí wé ti Mike Shinoda, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ráàpù nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Linkin Park. Òun àti Rick Rubin ni pùròdúsà àwo 'Minutes to Midnight' tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde ní 2007. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Shinoda ń kọrin níwájú èrò, ojú ayé sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi ìdí ẹ̀rọ nìkan ṣe ibùjókòó kì í sábà ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkìkí nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 1988, tó wà lójú iṣẹ́ nígbà tí 'Ace' jáde, sọ pé olórin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba orin sílẹ̀ ni òfin yóò kà sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, àyàfi bí àdéhùn láàárín wọn bá sọ ohun mìíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pùròdúsà tí kò ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò gbé dúró níwájú adájọ́. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta, ọdún 2023, ti rọ́pò ti àtijọ́ náà, àmọ́ ìwúlò àdéhùn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìtàn Láolú fi kan ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbógun, níbi tí ọgbà Yunifásítì Olabisi Onabanjo kan wà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìfọ̀ tàbí Mowé. Láyé Láolú, ilé-iṣẹ́ ńlá bíi EMI, Decca àti CBS ló ni sítúdíò. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè di pùròdúsà. Ó rọrùn láti fi ìlù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí fóònù láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọjọ́ tí orin náà bá gbòde ni ìjà máa ń dé.

Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní London ṣa àwọn orin BLO jọ, wọ́n sì tún wọn tẹ̀. Bí àwọn àjèjì ṣe tún mọ orúkọ àwọn mẹ́ta náà nìyẹn, nítorí pé orúkọ wọn wà lára àwo tí wọ́n ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ orúkọ yín sí ara iṣẹ́ yín kí iṣẹ́ náà tó kúrò lọ́wọ́ yín.