Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìwé ní Ìlú Accra

Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Kokomlemle àti Accra New Town, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Lagos Town, a kò lè gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Dókítà Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ rí nǹkan fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní, ẹrù ló dì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ kì í ti í ṣe eré lójú wa.

Ọdún 1991 ni Herman Chinery-Hesse àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joe Jackson dá ilé-iṣẹ́ SOFTtribe sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú ilé àwọn òbí Herman ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí: ọ̀gá á ra ètò olówó ńlá láti òkè òkun, iná á lọ lójijì, iṣẹ́ òwúrọ̀ á ṣòfò, akọ̀wé á sì yọ́ padà sídìí ìwé ńlá rẹ̀. Herman mọ̀ pé iná á lọ. Ó ṣe ètò tirẹ̀ kí ó lè fara da ilẹ̀ olóoru wa yìí. Akatua ni wọ́n sọ èyí tó wà fún owó oṣù, ìyẹn owó iṣẹ́ ní èdè Twi. Orúkọ náà dùn mọ́ wa, nítorí akọ̀wé kì í sá fún ohun tó lè pè. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun ya dé, SOFTtribe fúnra rẹ̀ lọ bá Microsoft dòwò pọ̀. Herman di olóògbé ní ọdún 2024.

Ní Kokomlemle níbí, ọ̀dọ̀ IPMC ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí BusyInternet ṣí ní Ring Road ní ọdún 2001, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn débẹ̀.

Èyí tó kan oúnjẹ wa jù ni ti Kọ́sítọ́ọ̀mù. Tẹ́lẹ̀, láti tábìlì dé tábìlì ni ìwé ẹrù ń rìn, ọwọ́ kì í sì í ṣófo lórí tábìlì kankan. Ní ọdún 2002, GCNet gbé ètò tí wọ́n mú láti Mauritius wá, tí wọ́n tún ṣe, sí pápákọ̀ òfurufú Kotoka, ó sì dé Tema lẹ́yìn náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ejẹ́ǹtì sì ráyè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2020, ICUMS tó ti Korea wá gba ipò rẹ̀ ní Tema. Àwọn ejẹ́ǹtì figbe ta pé ẹrù há sí èbúté. Lójú tiwa, ẹ̀rọ tuntun náà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìmọ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní kí ènìyàn pa tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ọdún àrùn Kòrónà.

Ní ẹgbẹ́ tiwa, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó ìdáwó ti wọ kọ̀ǹpútà. Ènìyàn mẹ́ta ló mọ ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀, kí ìrìn-àjò akọ̀wé má baà ti gbogbo wa mọ́ta. Ìwé ńlá náà sì wà lórí tábìlì. Bí a bá ti tẹ owó sínú kọ̀ǹpútà tán, a ó tún kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín.