Àtúnṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà

Àtúnṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀nà tí ayàwòrán ń gbà fi kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà díjítà fúnra rẹ̀ yàn, tàbí dín in kù. Àmì rẹ̀ ni +/−. Kámẹ́rà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé àwọ̀ eérú ni ohun gbogbo. Nítorí náà, bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun níbi ìgbéyàwó ní Ìkẹjà GRA, aṣọ náà lè dà bí eérú, kí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. +1 ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. −1 ń dín in kù sí ìdajì, ó sì yẹ aṣọ ẹtù tó dúdú. Bí a bá fi kún un jù, ọnà ara léèsì yóò pòórá pátápátá. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ní láti dá a padà sí 0.