Ìjọba Amúnisìn àti Òfin Júùjú ní Àkókó

Inúnibíni ẹ̀sìn láti ọwọ́ ìjọba Kristẹni ni kí ìjọba tó fi ẹ̀sìn Kristẹni ṣe ẹ̀sìn ìlú máa fi òfin, ọlọ́pàá tàbí ẹ̀wọ̀n fìyà jẹ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, nítorí ọdún 380 ni Theodosius, ọba Róòmù, ti pàṣẹ pé ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀ máa tẹ̀ lé. Sípéènì lé àwọn Júù tó kọ ìrìbọmi jáde ní 1492, òfin tí Faransé sì ṣe fún àwọn erékùṣù rẹ̀ ní 1685 ní kí a ri gbogbo ẹrú bọmi sínú ìjọ Kátólíìkì. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìlú méjì ní ilẹ̀ Àkókó, ọ̀rọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọba rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nílé, gba agbára láti máa sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀sìn àti èyí tó jẹ́ júùjú lásán, àwọn tí agbára náà sì bà kì í ṣe oníṣẹ̀ṣe nìkan.

Ìjọba tuntun yìí kò ṣòro fún Àkókó láti gbà, nítorí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ogun Nupe láti Bídá ń kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú, títí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, fi ṣẹ́gun Bídá ní 1897. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti ta gbòǹgbò ní Ìkàrẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tó dé, ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ló sì wá di ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Súlè nílé lè di Samuel nínú ìwé orúkọ, nítorí pé ìrìbọmi ló sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì fún un. Kò sí òfin ìjọba kankan tó pa èyí láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìwé kò rí ibòmíràn lọ, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti àwọn Mùsùlùmí.

Òfin gan-an wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1916, tó ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún àjẹ́, júùjú àti ìdánwò obò. Nínú ìdánwò yìí, wọn a gún èèpo igi obò, wọn a pò ó mọ́ omi fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn: bó bá bì í, ó mọ́, bó bá kú, wọn a ní àjẹ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò dárò àṣà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kan náà fún Gómìnà láyè láti fi òǹtẹ̀ rẹ̀ de ìsìn júùjú yòówù tó bá rò pé ó lè fa ìwà ọ̀daràn tàbí rúkèrúdò, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ tàbí kí ó pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló kó àwọn wòlíì sí wàhálà. Mose Orímọladé, ọmọ bíbí Ìkàrẹ́, ti wàásù láti ìlú dé ìlú kí ó tó dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà fún ìjọba kí ó tó gbọ́ ìpè ní 1928, wá da ìlú rú ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, ní 1930: àwọn ènìyàn ń kó ère àti oògùn wọn wá fún jíjó, wọ́n sì ń gbé omi àdúrà lọ sílé. Ara àwọn aláṣẹ kò balẹ̀ sí ìsọjí náà, ìrètí ààbò sì wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣáájú rẹ̀ fà mọ́ ìjọ Apostolic ti Gẹ̀ẹ́sì, tí òjíṣẹ́ rẹ̀ dé ní 1931. Kò tó. Ní 1932, nítorí ìwàásù tó ṣe nípa àjẹ́ ní Òtùò, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, wọ́n sọ Babalọlá sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Bẹ́ẹ̀ ni wòlíì Garrick Braide ṣe wẹ̀wọ̀n ní Niger Delta ní 1916. Ti wòlíì Simon Kimbangu ló burú jù, nítorí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ní Kóńgò tì í mọ́lé ní 1921, inú ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí ní 1951. Kristẹni ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wẹ̀wọ̀n yìí, Kristẹni náà ló sì rán wọn lẹ́wọ̀n.

Lónìí, abala 10 òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò gba ìjọba kankan láyè láti ní ẹ̀sìn tirẹ̀, abala 38 sì fún oníkálukú lómìnira ìgbàgbọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó fi 21 Oṣù Kẹjọ 2023 ṣe ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe. Síbẹ̀ orí àtijọ́ lórí àjẹ́ àti júùjú yẹn ṣì wà nínú ìwé òfin gúúsù Nàìjíríà. Ìyá àgbà tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ lórí pẹpẹ ìwàásù ní Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ lè di abala 210 mú gẹ́gẹ́ bí ààbò, ìyẹn abala tó ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Abala 207, tó jẹ́ kí ìfọwọ́sí gómìnà tó láti de ìsìn júùjú, sì wà nínú orí kan náà pẹ̀lú rẹ̀.