Àrólé àti Arọ́pò

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣágámù, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, "ọ̀dọ̀ dókítà" ni ìyá rẹ̀ ń gbé e sáré lọ. Ènìyàn ló ń wá lọ, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Bí dókítà tó ni ilé ìwòsàn aládàáni bẹ́ẹ̀ bá wá dolóògbé, "ogún" ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí kọ́kọ́ ń sọ. Ogún gba ilé, ó gba ilẹ̀, ó gba bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ X-ray. A lè pín wọn ní ìdí-igi, a lè pín wọn ní orí-ò-jorí. Àmọ́ ìwé àṣẹ ìṣègùn tí MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, fún olóògbé kò ṣe é pín: òun nìkan ni wọ́n fún, ọdọọdún ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ó dunni kí ilé tó ti gbẹ̀bí ìran méjì di ṣọ́ọ̀bù torí pé kò sẹ́ni tó ro ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, nígbà náà. Àrólé ni ẹni tí ohun ìní bọ́ sí lọ́wọ́. Arọ́pò ni dókítà tó gba ìtọ́jú aláìsàn. "Ètò arọ́pò" ni orúkọ tó bá ìmúrasílẹ̀ fún ìyípadà yìí mu, nítorí ojú ayé dókítà tó ni ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é; ìwé ìhágún ń dúró de ikú.

Ilé ìwòsàn Lagoon l'Ékòó jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Elébùúté, oníṣẹ́ abẹ, àti ìyàwó rẹ̀, Oyínadé, ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Fọlá Láoyè, ọmọ wọn, darí Hygeia tó ni ilé ìwòsàn náà. Ìṣirò owó ló kọ́, kì í ṣe ìṣègùn. Àrólé ni. Àwọn dókítà mìíràn ni arọ́pò. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan tó ń jẹ́ Iwosan rà á.

Dókítà mẹ́ta, Kuku, Eneli àti Obiora, tó dá Eko Hospital sílẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn: alájọni ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ wọn, Ekocorp, sì wọ ọjà ìpín ìdókòwò.

Dókítà tó ń di ilé ìwòsàn mú fúngbà díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lókọ́ọ̀mù, ńkọ́? Ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí Ṣágámù wà, ti ní "adelé" fún ààfin tí ọba kò sí; ó yẹ lókọ́ọ̀mù náà.

Ó ku káàdì tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú aláìsàn sí. Àìsàn tí aláìsàn kò sọ fún ọkọ tàbí aya wà nínú rẹ̀, nítorí náà arọ́pò ni kó gbà á, kì í ṣe àrólé. Kí dókítà kọ èyí sílẹ̀, kó sì sọ fún àwọn aláìsàn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí àga.