Ta Ló Pe Ọwọ́ Jọ? Ìjọba Àjùmọ̀ṣe Ìwọ̀-Oòrùn, 1963

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ta ló pe àwọn ọwọ́ náà jọ? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí á bi ìjọba àjùmọ̀ṣe tó gorí àléfà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1963.

Ní 1960, Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló wọlé ìbò Ìwọ̀-Oòrùn. NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, di alátakò. Nígbà tó yá, ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tó jẹ́ Pírémíà, fọ́ Ọlọ́pẹ sí méjì. Ní 25 oṣù Èbìbí 1962, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, Dókítà Májẹ̀kódùnmí sì di alákòóso.

Nígbà tí pàjáwìrì parí, kò sí ìbò tuntun. Akíntọ́lá padà sípò pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀, UPP, ó sì bá NCNC tó jẹ́ alátakò lánàá pín ipò mínísítà. Rẹ̀mí Fání-Káyọ̀dé láti NCNC wá di igbákejì rẹ̀. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wà níwájú adájọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ní Pírófíǹsì Ìjẹ̀bú, tí Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ tí Ìkẹ́nnẹ́ sì wà nínú rẹ̀, ẹni tó dìbò fún Ọlọ́pẹ rí i pé alátakò ti wọlé láìdìbò.

Àjùmọ̀ṣe fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìbò àpapọ̀ ti oṣù Ọ̀pẹ̀ 1959, tí ẹgbẹ́ kankan kò dá borí, NPC àti NCNC para pọ̀. Aráàlú ti kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Èbìbí 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbénró láre lórí ìyọnípò Akíntọ́lá. Ìjọba yí òfin padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má bàa múlẹ̀. Ní 1964, UPP àti púpọ̀ nínú NCNC Ìwọ̀-Oòrùn di Dẹ́mọ. Ìbò oṣù Ọ̀wàrà 1965, tí ẹ̀sùn èrú kún, bí Wẹ́tìẹ: wọ́n ń da epo sórí ilé àti ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, ológun gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá tún ń para pọ̀, kí á má kàn ka iye ọwọ́ tó wà nínú àwo. Kí á béèrè ẹni tó ní oúnjẹ.