LinnStrument: Bí ẹ ṣe lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́
Roger Linn, ará Amẹ́ríkà, ló gbé LinnStrument jáde lọ́dún 2014. Ojú títẹ̀ 200 ló ní: ìlà 8, ojú 25 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sún ojú kan sápá ọ̀tún, ohùn á fi ìdajì kan gòkè; ẹ bọ́ sí ìlà òkè, á fi ìdajì 5 gòkè. Torí náà, tí ìka yín bá ti mọ kọ́ọ̀dù kan, ó ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo kíì 12 nìyẹn. Èmi tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lé sá, ohun tó fà mí nìyẹn.

Ìka gan-an ni wàhálà o. Tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún, ohùn á yọ́ gòkè bíi ti gángan. Tó bá gbọ̀n, ohùn náà á gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ ojú kan ṣoṣo.

Ẹ má sì rò pé ó bà jẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dún. Kì í dá dún, àfi kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ohùn jáde, bíi kọ̀ǹpútà.